Ohun tí fọ́tò kì í sọ: Kí tọkọtaya tuntun tó sanwó họ́nímúùnù ní erékùṣù olówó ńlá

“Àǹtí mi, a dé etí òkun, ṣùgbọ́n a ò bá òkun nílé.”

Ọ̀rọ̀ tí àbúrò mi kan, ọmọ àbúrò bàbá mi, sọ fún mi nìyẹn lọ́jọ́ tó dé láti Zanzibar. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń ṣe ẹ̀fẹ̀ ni. Àfìgbà tó jókòó, tó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, tó wá bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Nínú oṣù kẹrin lòun àti ọkọ rẹ̀ ṣègbéyàwó. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti rí fọ́tò òtẹ́ẹ̀lì náà: omi mọ́ gaara bíi dígí, ibùsùn funfun wà lábẹ́ igi àgbọn. Ejẹ́ǹtì tó bá wọn ṣètò sọ pé ẹ̀dínwó ńlá wà lásìkò náà, kí wọ́n má jẹ́ kó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ejẹ́ǹtì ò sọ fún wọn pé àsìkò òjò ńlá ni oṣù kẹrin jẹ́ lọ́hùn-ún, pé ohun tó fa ẹ̀dínwó gan-an nìyẹn. Kò sì sọ pé apá ìlà-oòrùn erékùṣù náà ni òtẹ́ẹ̀lì yẹn wà, níbi tí òkun ti máa ń fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, tó jẹ́ pé iyanrìn tútù àti ewéko inú omi ni èèyàn á máa wò fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ọjọ́ márùn-ún ni òjò fi rọ̀ nínú ọjọ́ méje tí wọ́n lò. Lọ́jọ́ kẹfà, ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ lemọ́lemọ́, ìtọ̀ náà ń ta á bí ata, ojú sì ń tì í láti sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n padà délé, gbèsè tí ọkọ jẹ ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ rẹ̀ ti ń dúró dè wọ́n. Ìjà àkọ́kọ́ tí wọ́n jà gẹ́gẹ́ bíi tọkọtaya, orí owó yẹn ni.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kì í ṣe pé Zanzibar ò dára o. Ó dára gan-an. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n fi ojú yan ibi tí wọ́n ń lọ, wọn ò fi ọ̀rọ̀ ara wọn, àsìkò àti àpò wọn yàn án. Òótọ́ sì ni pé àwọn ọmọ wa tó ń ṣègbéyàwó lóde òní, àti àwọn tó wà nílé àti àwọn tó wà n'Ílùú Ọba, ń lọ sí erékùṣù wọ̀nyí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tá a fi ní ká jọ jókòó sọ ọ́ lónìí, kí owó má baà lọ, kí ayọ̀ má sì bá a lọ.

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín

Kẹ́ ẹ tó ṣí fọ́tò kankan wò, ẹ mú bébà méjì. Kí ọkọ kọ ohun mẹ́ta tó fẹ́ ṣe sínú tirẹ̀, kí ìyàwó náà kọ mẹ́ta sínú tirẹ̀, kẹ́ ẹ wá pààrọ̀ bébà. Ẹ máa rí i pé ọkọ lè fẹ́ sùn, kó jẹun, kó tún sùn, nígbà tó jẹ́ pé ìyàwó fẹ́ rìn kiri ọjà, kó gun òkè, kó wo ìlú. Erékùṣù tó bá ẹni àkọ́kọ́ mu lè dà bí ẹ̀wọ̀n lójú ẹnì kejì. Ẹ tún bi ara yín léèrè ẹni tó mọ omi lúwẹ̀ẹ́ àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ẹni tí ọkọ̀ ojú omi máa ń kọ́ lóyì, àti iye tẹ́ ẹ lè ná láìyá owó. Ọ̀rọ̀ yìí dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n àwọn tí kò bá lè jọ sọ ọ́ kí wọ́n tó lọ, etí òkun ni wọ́n á ti máa bára wọn fà á.

Zanzibar: ẹ mọ àsìkò, ẹ mọ apá ibi tẹ́ ẹ máa sùn

Abẹ́ orílẹ̀-èdè Tanzania ni Zanzibar wà. Òjò ńlá ibẹ̀ máa ń rọ̀ láti oṣù kẹta wọ oṣù karùn-ún, òjò kékeré sì máa ń dé ní nǹkan bí oṣù kọkànlá. Oṣù kẹfà sí oṣù kẹwàá ni ojú ọjọ́ máa ń gbẹ, tí atẹ́gùn sì tutù díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí omi lúwẹ̀ẹ́ nígbàkigbà, apá àríwá, ní Nungwi àti Kendwa, ni kó wá òtẹ́ẹ̀lì sí, torí pé òkun ibẹ̀ kì í fà jìnnà bíi ti ìlà-oòrùn. Ní Paje àti Jambiani lápá ìlà-oòrùn, tí òkun bá ti fà sẹ́yìn, àwọn obìnrin abúlé á bọ́ sórí iyanrìn láti lọ tọ́jú ewéko òkun tí wọ́n ń gbìn tà. Ẹni tó bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ á gbádùn ìran náà, ẹni tí kò mọ̀ á sọ pé wọ́n lu òun ní jìbìtì.

Ìlú àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Stone Town, tí àjọ UNESCO ti fi sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé láti ọdún 2000, dùn ún rìn. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí ibi tí ọjà ẹrú wà kí wọ́n tó tì í pa lọ́dún 1873. Ẹ tún lè lọ sí oko kànáfùrù, torí pé kànáfùrù ló sọ erékùṣù náà di olókìkí. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ má wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ wọ ìgboro. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, dandan ni kí àlejò ra ìwé ìdójútòfò ìjọba Zanzibar, dọ́là 44 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ti físà, ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Tanzania l'Ábújà ni kẹ́ ẹ ti béèrè, ó sì yẹ kẹ́ ẹ ti ṣe é ní oṣù bíi méjì ṣáájú. Ẹ má fi í sílẹ̀ di pápákọ̀ òfúrufú.

Seychelles: fún àwọn tó fẹ́ ìsinmi tó tún fẹ́ rìn

Erékùṣù 115 ló para pọ̀ di orílẹ̀-èdè Seychelles. Mẹ́ta tí àlejò máa ń lọ jù ni Mahé, Praslin àti La Digue. Ọkọ̀ ojú omi máa ń gbé èèyàn láti ọ̀kan sí èkejì, kẹ̀kẹ́ ológeere sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gùn kiri La Digue. Ní Praslin, igbó kan wà tí wọ́n ń pè ní Vallée de Mai. Ibẹ̀ ni ọ̀pẹ coco de mer ti ń hù. Kóró rẹ̀ ló tóbi jù lọ láyé, ó lè wúwo ju 20 kìlógíráàmù lọ, ìrísí rẹ̀ sì jọ ìbàdí obìnrin, èyí tó máa ń pa tọkọtaya lẹ́rìn-ín.

Ọ̀pọ̀ jù lọ àlejò kì í gba físà wọ Seychelles, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìrìn-àjò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó wọ bàálù, kẹ́ ẹ sì ní tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ àti ibi tẹ́ ẹ máa sùn. Kò sí ibà ẹ̀fọn níbẹ̀. Oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá ni òkun máa ń parọ́rọ́ jù, nítorí àárín méjèèjì ni atẹ́gùn ti ń yí padà. Láti oṣù karùn-ún dé oṣù kẹsàn-án, atẹ́gùn gúúsù ìlà-oòrùn máa ń ru òkun sókè ní àwọn etíkun kan. Ìṣòro Seychelles ni owó: ọ̀pọ̀ oúnjẹ wọn ló ń ti òkè òkun wá. Ẹni tó bá gba ilé kékeré tó ní ilé ìdáná á rí i pé owó rẹ̀ dínkù.

Mauritius: òkè, ìlú àti òkun lójú kan

Mauritius wà fún àwọn tí kò lè jókòó sójú kan. Ẹ lè gba ọkọ̀, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń wakọ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ lọ wo ilẹ̀ aláwọ̀ méje ní Chamarel, kẹ́ ẹ sì wo òkè Le Morne, tí àwọn ẹrú tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn fi ṣe ibi ìsápamọ́sí nígbà kan. UNESCO mọ òkè náà sí ohun àjogúnbá lọ́dún 2008. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ níbí ni ìjì. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹrin ni àsìkò ìjì líle inú òkun, àárín oṣù kìn-ín-ní sí ìkẹta ló sì máa ń le jù. Nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ìjì tí wọ́n pè ní Belal mú kí omi ya wọ Port Louis, olú ìlú wọn, ó gbé ọkọ̀ lọ lójú pópó. Bẹ́ẹ̀, oṣù méjìlá gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣègbéyàwó. Tẹ́ ẹ bá ṣe é lásìkò náà, ẹ lè fi Mauritius dúró di oṣù karùn-ún tàbí oṣù kẹsàn-án.

Maldives: ẹyin méjì péré, àti òkun

Tẹ́ ẹ bá rí fọ́tò ilé onígi tó dúró sórí omi, Maldives ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Nǹkan bí erékùṣù 1,190 ló wà níbẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá kọ̀ọ̀kan ló máa ń ní erékùṣù tirẹ̀, láti ọdún 1972 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò yìí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá ti débẹ̀, ẹ ti débẹ̀ nìyẹn: kò sí ọjà, kò sí búkà lẹ́gbẹ̀ẹ́, oúnjẹ òtẹ́ẹ̀lì náà lẹ máa jẹ ní iye tí wọ́n bá pè é. Tọkọtaya tó fẹ́ dákẹ́ jẹ́ẹ́ á yó fún ayọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ á máa ka ọjọ́ lọ́jọ́ kẹta.

Wọ́n máa ń fún àlejò ní físà ọgbọ̀n ọjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ tó bá débẹ̀ pẹ̀lú ohun tí wọ́n béèrè. Orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí ni, ọtí ò sí níta òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì máa gba ọtí tàbí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbé wọlé. Oṣù kejìlá sí oṣù kẹrin ni ojú ọjọ́ máa ń gbẹ, torí náà ó bá ìgbéyàwó ìparí ọdún mu. Ẹ fi èyí sọ́kàn: láti Malé, bàálù kékeré tó ń bà lé omi tàbí ọkọ̀ ojú omi ló máa gbé yín dé òtẹ́ẹ̀lì, owó rẹ̀ sì yàtọ̀ sí owó yàrá. Fún ẹni méjì, ó lè tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan dọ́là. Bàálù omi yìí kì í fò lóru. Tí bàálù yín bá balẹ̀ lálẹ́, ẹ máa sanwó ibi tẹ́ ẹ máa sùn mọ́jú.

Cape Verde: èyí tí kò jìnnà sí wa

Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí pé ọmọ ẹgbẹ́ ECOWAS ni Cape Verde, ọmọ Nàìjíríà kì í sì í gba físà láti lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Erékùṣù Sal àti Boa Vista ní iyanrìn tó lọ salalu àti òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá. Láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹwàá, ìjàpá òkun máa ń gòkè wá yé ẹyin síbẹ̀ lóru. Nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Cape Verde ti bọ́ lọ́wọ́ ibà ẹ̀fọn. Àbùkù rẹ̀ ni pé bàálù tó ń lọ tààrà láti ọ̀dọ̀ wa ṣọ̀wọ́n, ẹ wò ó dáadáa kí ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà má lọ béèrè físà ìlú mìíràn lọ́wọ́ yín. Ilẹ̀ Sal gbẹ, atẹ́gùn rẹ̀ sì pọ̀, ẹni tó ń wá igbó tútù, kó má lọ síbẹ̀.

Ìwé àti abẹ́rẹ́

Orúkọ tó wà lára páásípọ́ọ̀tù ni kẹ́ ẹ fi gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ìyàwó tuntun tó fi orúkọ ọkọ gba tíkẹ́ẹ̀tì, tí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀, wọ́n lè dá a padà ní pápákọ̀. Kí páásípọ́ọ̀tù yín sì ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà.

Torí pé Nàìjíríà lẹ ti ń bọ̀, wọ́n máa béèrè káàdì ibà pọ́njú, èyí tí òyìnbó ń pè ní yellow fever, lọ́wọ́ yín. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá gba abẹ́rẹ́ náà ni káàdì náà tó ń ṣiṣẹ́, ẹ má gbà á lọ́jọ́ tó kù ọ̀la. Láti oṣù keje ọdún 2016, ẹ̀ẹ̀kan péré tí èèyàn bá gbà á ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹ má ra ayédèrú. Ẹni tó bá lóyún, tó ń fọ́mọ lọ́mú, tàbí tí ẹyin adìẹ kì í bá lára mu, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà.

Ọ̀rọ̀ ìlera tí wọn kì í sọ fún ìyàwó

Ohun tó ṣe àbúrò mi kì í ṣe àrùn ìtìjú. Àwọn dókítà mọ̀ ọ́n dáadáa, kódà orúkọ họ́nímúùnù ni òyìnbó fi ń pè é. Tí tọkọtaya bá ń sùn pọ̀ léraléra, kòkòrò ara lè rá wọ ojú ọ̀nà ìtọ̀ obìnrin, torí pé ojú ọ̀nà yẹn kúrú. Kí ìyàwó máa mu omi dáadáa, kó má máa pa ìtọ̀ mọ́ra, kó sì máa lọ tọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jọ sùn tán. Tí ìtọ̀ bá ń ta, ilé ìwòsàn ni kó lọ. Tí ibà, èébì tàbí ẹ̀yìn dídùn bá bá a rìn, kó má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Ọkọ tó bá mọ èyí kò ní sọ pé kí ló ń ṣe ìyàwó òun.

Ibà ẹ̀fọn ṣì wà ní Zanzibar, bó tilẹ̀ ti dínkù gan-an. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ n'Ílùú Ọba tàbí l'Amẹ́ríkà, ẹ má gbára lé pé ọmọ Nàìjíríà ni yín: agbára tí ara ní láti bá ibà jà máa ń lọ tí èèyàn bá ti kúrò nílé fún ìgbà pípẹ́. Ẹ béèrè oògùn ìdènà lọ́wọ́ dókítà. Ní Maldives, Mauritius àti Seychelles, ẹ̀fọn lè fa ibà mìíràn, bíi dengue àti chikungunya. Lọ́dún 2005 sí 2006, chikungunya mú èèyàn tó ju ìdá mẹ́ta lọ ní La Réunion, aládùúgbò Mauritius, ó sì tún jà níbẹ̀ lọ́dún 2025. Tí ibà bá dé sí yín lára lẹ́yìn tẹ́ ẹ padà, ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ lọ fún dókítà. Ẹ má lo aspirin tàbí ibuprofen kí wọ́n tó mọ irú ibà tó jẹ́, paracetamol ló dára.

Ẹni tó jẹ́ SS gbọ́dọ̀ rí dókítà rẹ̀ kó tó wọ bàálù, kó sì máa mu omi lójú ọ̀nà. Aláboyún tó ti kọjá ọ̀sẹ̀ 28 gbọ́dọ̀ béèrè bóyá ilé iṣẹ́ bàálù máa gba ìwé dókítà lọ́wọ́ rẹ̀. Oòrùn erékùṣù ń jó àwọ̀ dúdú náà, ẹ lo ìpara ìdènà. Tí omi bá ń fa yín lọ sínú òkun, ẹ má bá a jà, ẹ lúwẹ̀ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ tó yíjú sí etíkun. Ẹni tó bá sì wọ ìsàlẹ̀ òkun pẹ̀lú àgbá atẹ́gùn lẹ́yìn, kó dúró fún wákàtí mẹ́rìnlélógún kó tó wọ bàálù.

Owó: ẹ kà á dópin

Ẹ má ka owó yàrá nìkan. Ẹ ka tíkẹ́ẹ̀tì, físà, ìdójútòfò, ọkọ̀ láti pápákọ̀, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, àti owó orí pẹ̀lú owó iṣẹ́ tí wọ́n máa ń fi lé owó yàrá. Ní Maldives, méjèèjì yìí lè ju ìdá márùn-ún owó náà lọ. Ẹ bi òtẹ́ẹ̀lì léèrè pé, “Èló ni a máa san tán pátápátá?” Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Dọ́là lẹ máa san, náírà sì lè yí padà láàárín ìgbà tẹ́ ẹ ṣètò àti ìgbà tẹ́ ẹ máa sanwó. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, nǹkan bíi náírà 460 ni dọ́là kan lọ́wọ́ ìjọba. Nígbà tí ọdún 2024 máa fi parí, ó ti ju 1,500 lọ. Ẹni tó fi gbèsè ṣètò láàárín àkókò yẹn mọ ohun tójú rẹ̀ rí. Nítorí náà, ẹ má yá owó lọ họ́nímúùnù. Kò sí òfin tó sọ pé ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó gan-an lẹ gbọ́dọ̀ lọ. Ẹ lo ọjọ́ mẹ́ta ní ibì kan tó dákẹ́ nítòsí ilé lẹ́yìn ìgbéyàwó, kẹ́ ẹ wá dá àjọ fún erékùṣù náà títí àsìkò rẹ̀ á fi dára.

Ohun tí àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀ wá ṣe nìyẹn. Wọ́n kọ́kọ́ san gbèsè tán, wọ́n dá àjọ fún ọdún kan àtààbọ̀, wọ́n wá padà sí Zanzibar kan náà, lóṣù keje, ní Nungwi. Lọ́jọ́ tí wọ́n débẹ̀, ó pè mí lórí fóònù, mo ń gbọ́ ariwo omi lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀.

“Àǹtí mi,” ó ní, “lọ́tẹ̀ yìí, a bá òkun nílé.”